Ẹ̀jẹ̀ àti Omijé Lójú Àlá: Àyẹ̀wò Ìtumọ̀ Tí Wọ́n Ń Tà fún Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlá tí ajá bá lá, inú ajá ló ń gbé. Ti ọmọ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, a óò sọ ọ́ fún ọkọ tàbí aya, a óò gbé e tọ wòlíì lọ, a óò gbé e tọ àlùfáà lọ, àwọn mìíràn yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ babaláwo, a óò sì tún fi fóònù sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo. Nínú gbogbo àlá tí à ń gbé kiri bẹ́ẹ̀, èyí tó máa ń da jìnnìjìnnì boni jù ni èyí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, àti èyí tí ènìyàn bá ti rí i pé òun tàbí ẹnì kan tí òun fẹ́ràn ń sunkún.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá sínú ìwé ìrántí ẹgbẹ́ wa ni pé ọ̀rọ̀ àlá máa ń le lọ́wọ́ àwa tí a ń gbé ní Òkè Ọya ju bó ti ń le lọ́wọ́ àwọn tó wà nílé lọ. Ẹni tó wà nílé, bí ó bá lá àlá pé ìyá òun ń sunkún, yóò rìn dé yàrá kejì, yóò bi í pé, “Màmá, ṣé kò sí?” Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Kàdúná, tí ìyá rẹ̀ wà ní Ìkirè, kò ní yàrá kejì tí yóò rìn dé. Kí fóònù alágbèéká tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbòde ní Nàìjíríà ní ọdún 2001, ó di kí ó kọ lẹ́tà, tàbí kí ó rán awakọ̀ kan ní gáréèjì, kí ó sì máa retí èsì. Lónìí tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa, ìdí mìíràn tún wà tí a kì í fi í bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn léèrè: atúmọ̀ àlá ti sọ fún wa pé kí á má ṣe bi í. Àárín àlá àti ìbéèrè tí a kò bèèrè yẹn ni àwọn kan dá oko wọn sí, tí wọ́n sì ń kórè níbẹ̀.

Kí ó tó di pé ẹnì kan bínú sí wa, a fẹ́ sọ ọ́ yanjú pé a kò wí pé àlá kò já mọ́ nǹkan kan. Ọmọ Yorùbá ni wá. A mọ̀ pé àwọn bàbá wa ka àlá sí, Bíbélì ka àlá sí, Kùránì náà ka àlá sí. Ìtumọ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò, kì í ṣe àlá fúnra rẹ̀.

ÌWÉ PÉLÉBÉ ÀTI ÀLÉBÙ MẸ́RIN

A ti ka díẹ̀ nínú àwọn ìwé pélébé ìtumọ̀ àlá tí wọ́n ń tà ní ibùdókọ̀, nínú ọjà àti ní ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn. A kò ní dárúkọ èyíkéyìí nítorí pé ìjà kọ́ la bá wá. Bí wọ́n ṣe máa ń tò ó ni pé wọ́n á kọ orúkọ nǹkan sí apá kan, wọ́n á sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí apá kejì, bí ìgbà tí ènìyàn ń wo iye owó ọjà. Ejò ni ọ̀tá. Oúnjẹ jíjẹ ni àìsàn. Ẹ̀jẹ̀ ni jàǹbá tàbí ikú. Omijé ni ìbànújẹ́. Lẹ́yìn náà ni àdúrà yóò tẹ̀ lé e.

Àlébù kìíní ni pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í bi ẹni tó lá àlá léèrè nǹkan kan. Alápatà tó ń dúńbú màlúù láti ìdájí, nọ́ọ̀sì tó ń gbẹ̀bí, aboyún tó ti ṣẹ́yún nígbà kan rí, ọmọkùnrin tó wo fíìmù ogun kó tó sùn, àti awakọ̀ tó rí jàǹbá lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn márààrún lè rí ẹ̀jẹ̀ lójú oorun ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ìtumọ̀ kan náà ni ìwé yìí yóò fún gbogbo wọn. Dókítà wo ló ń fi oògùn kan ṣoṣo wo gbogbo ẹni tó bá ní inú ń run òun?

Àlébù kejì ni pé wọn kì í fohùn ṣọ̀kan. Ẹ gbé ìwé méjì síwájú, ẹ wo ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹkún. Ọ̀kan yóò ní ẹkún ni ọ̀fọ̀. Èkejì yóò ní ayọ̀ ni, nítorí pé òdìkejì ni àlá. Bí òdìkejì bá ni àlá ní tòótọ́, a jẹ́ pé ẹni tó bá rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ tuntun ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. A kò tíì rí ìwé tó sọ èyí.

Àlébù kẹta ni pé kò sí bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe lè kùnà láéláé. Bí aburú bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní, “Ṣé a kò sọ fún yín?” Bí aburú kò bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní àdúrà tí àwọn gbà ló yẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí kò lè kùnà lọ́nàkọnà, kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Àlébù kẹrin ló burú jù, òun náà ló sì mú wa kọ ìwé yìí: ìtumọ̀ wọn kì í sábà parí láìsí ọ̀tá, ọ̀tá náà kì í sì í jìnnà sí ilé. Ìyá ọkọ ni, tàbí àbúrò bàbá, tàbí ìyàwó ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ti dàgbà, tó sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè wá gbèjà ara rẹ̀, ni wọ́n máa ń rí mú.

OHUN TÍ ÈDÈ WA TI SỌ TẸ́LẸ̀

Ká ní ẹ̀jẹ̀ àti omijé ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo lójú ayé, à bá gbà pé wọ́n lè ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo lójú àlá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ohun tí ẹnu Yorùbá ń sọ. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ẹ̀jẹ̀ ọ̀run là ń pè é. Ẹni tó bá jẹ́ ìbátan wa, a ní ẹ̀jẹ̀ wa ni. Nígbà tí ìbànújẹ́ tàbí àìsàn bá mú àgbàlagbà, a ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Ẹni tí wọ́n pa láìnídìí, a ní ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ ni wọ́n ta sílẹ̀. Ní ọjọ́ Iléyá, ẹ̀jẹ̀ àgbò máa ń ṣàn ní àgbàlá, àwọn ọmọdé á sì máa yọ̀ yíká rẹ̀. Kò sí ẹni tó wáyé láìsí ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí kò rí ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù rẹ̀ nígbà tó yẹ yóò fẹ́ mọ ìdí.

Omijé náà ńkọ́? Ọmọ tí kò bá ké nígbà tí wọ́n bí i, gbogbo ilé ni àyà wọn máa ń já. Ìgbà tó bá ké ni wọ́n ń dúpẹ́. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹkún ìyàwó ni ọmọbìnrin ń sun ní ọjọ́ tó ń lọ sílé ọkọ: ó ń fi omijé dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí, ó ń fi tọrọ àdúrà, kò sì sí ẹni tó máa ń sọ pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ nítorí pé ìyàwó sunkún. Ẹni tí wọ́n fi joyè ń sunkún, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti òkè òkun dé ń sunkún, ẹni tó ń gé àlùbọ́sà náà ń sunkún. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi kìlọ̀ pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

Ẹ tún wo bí babaláwo gidi ṣe ń ṣe é. Ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò kì í sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún babaláwo ní tààrà. Ó máa ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó ìdáfá. Babaláwo yóò wá dá Ifá, yóò máa ki ẹsẹ Ifá tó jáde, ẹni náà ni yóò sì sọ pé ẹsẹ yìí bá ọ̀rọ̀ òun mu. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní ohùn nínú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ìwé pélébé ti gba ohùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi owó ìwé lé e.

ẸWÙ ỌMỌ JÁKỌ́BÙ

Ìtàn kan wà tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì inú ẹgbẹ́ wa jọ mọ̀: ìtàn Jósẹ́fù, ẹni tí Kùránì ń pè ní Yúsúfù, tí Súrà kejìlá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló máa ń rántí àwọn àlá inú ìtàn náà. Àwọn tó ń rántí ẹ̀jẹ̀ àti omijé inú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀.

Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 37, àwọn ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù ta á, wọ́n pa ewúrẹ́ kan, wọ́n ti ẹ̀wù rẹ̀ bọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì gbé e tọ bàbá wọn lọ. Wọn kò fi ẹnu sọ pé ó ti kú. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi hàn án, wọ́n sì ní kó wò ó bóyá ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ ni. Jákọ́bù fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà: ó ní ẹranko búburú ti pa ọmọ òun jẹ. Ẹ̀jẹ̀ tòótọ́ ni, ojú rẹ̀ ló fi rí i, kì í ṣe lójú àlá, síbẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ kò tọ̀nà. Ó ṣọ̀fọ̀ ọmọ tó wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nínú Kùránì, àwọn ọmọ náà wá bá bàbá wọn ní alẹ́ pẹ̀lú ẹkún, wọ́n sì mú ẹ̀wù tí ẹ̀jẹ̀ irọ́ wà lára rẹ̀ lọ́wọ́. Omijé wọn irọ́ ni, ẹ̀jẹ̀ wọn irọ́ ni. Níbẹ̀, bàbá wọn kò gbà wọ́n gbọ́. Ó mọ irú ẹni tí àwọn ọmọ òun jẹ́, ó sì yan sùúrù. Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i pé ìwà àwọn tó gbé ẹ̀jẹ̀ náà wá ni ó yẹ̀ wò, kó tó wo ẹ̀jẹ̀.

Ní apá ìgbẹ̀yìn ìtàn náà nínú Jẹ́nẹ́sísì, Jósẹ́fù sunkún léraléra: ó sunkún nígbà tó gbọ́ àròyé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sunkún nígbà tó rí Bẹ́ńjámínì àbúrò rẹ̀, ó sunkún sókè nígbà tó fi ara rẹ̀ hàn wọ́n, ó sunkún lọ́rùn bàbá rẹ̀, ó sì tún sunkún nígbà tí bàbá náà kú. Ọkùnrin kan ṣoṣo, omijé márùn-ún, ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá jẹ́ inú ìwé pélébé la ti wá ìtumọ̀ wọn, ọ̀kan ṣoṣo ni à bá rí.

Àwọn àlùfáà tún máa ń sọ ìtàn Muhammad ibn Sirin, ará Basra tó kú ní ọdún 729, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú ìtumọ̀ àlá láàrin àwọn Mùsùlùmí. Ọkùnrin méjì wá bá a, àwọn méjèèjì ní àwọn lá àlá pé àwọn ń pe ìrun. Ó sọ fún ọ̀kan pé yóò lọ sí Mẹ́kà. Ó sọ fún èkejì pé wọn yóò mú un fún olè jíjà. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí, ó ní ìwà ẹni kìíní jọ ti ẹni rere, ti ẹni kejì kò sì jọ bẹ́ẹ̀. Ẹni ni ibn Sirin ń wò kó tó wo àlá. Àwọn onímọ̀ sì ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìwé ńlá ìtumọ̀ àlá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn kó o jọ. Hádíìsì pàápàá rọrùn ju ohun tí wọ́n ń kọ́ wa lọ: ẹni tó bá lá àlá burúkú, kí ó wá ààbò lọ́dọ̀ Ọlọ́run, kí ó tu itọ́ fẹ́rẹ́ sí apá òsì, kí ó má ṣe sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò ní ṣe é ní ibi. Kò sí owó kankan nínú ìlànà yìí.

CALPURNIA ÀTI ATÚMỌ̀ ÀLÁ TÓ NÍ ÈRÒ LÓKÀN

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó lọ sí ilé-ìwé girama ló ka eré Julius Caesar tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1599. Ibi kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí á padà lọ kà.

Ní òru ọjọ́ tó ṣáájú ikú Caesar, Calpurnia aya rẹ̀ lá àlá. Plutarch, ará Gíríìkì tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Caesar, sọ pé ohun tó rí ni pé òun gbé òkú ọkọ òun mọ́ra, òun sì ń sunkún lé e lórí. Inú ìwé Plutarch ni Shakespeare ti mú ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yí àlá náà padà. Omijé di ẹ̀jẹ̀: nínú eré náà, ère Caesar ni obìnrin yìí rí, tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde lára rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ, tí àwọn ará Róòmù sì ń fọwọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìdí tó fi yí i padà kò ṣòro láti rí. Omijé lórí òkú kò ṣeé túmọ̀ sí rere. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń fi ẹ̀rín fọwọ́, ó lè lọ síbí, ó lè lọ sọ́hùn-ún.

Calpurnia túmọ̀ rẹ̀ sí ikú, ó bẹ ọkọ rẹ̀ kó má jáde. Ọkọ gbà. Ìgbà náà ni Decius wọlé, ó ní ìtumọ̀ yẹn kò dára: ẹ̀jẹ̀ yẹn túmọ̀ sí pé ara Caesar ni Róòmù yóò ti rí ìyè tuntun. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Caesar, ó wọ aṣọ, ó jáde, wọ́n sì gún un pa. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbìmọ̀ ikú rẹ̀ ni Decius.

Ẹ̀kọ́ méjì la rí níbẹ̀. Èkíní, kí á tó gba ìtumọ̀ àlá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí á bi ara wa léèrè pé kí ni ẹni náà yóò jẹ níbẹ̀. Decius kò gba owó, ṣùgbọ́n ó ní èrò lókàn. Èkejì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ohun tí Shakespeare ń kọ́ wa ni pé ká gba àlá gbọ́. A kò fara mọ́ ọn. Ní ọjọ́ yẹn kan náà, Artemidorus fún Caesar ní ìwé tó kọ orúkọ àwọn ọ̀dàlẹ̀ náà sí. Nínú eré náà, Caesar kò kà á. Àlá kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ìwé dárúkọ gbogbo wọn. Ohun tí ì bá gba ọkùnrin náà là wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ojú ọ̀sán gangan.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍṢÈGÙN MỌ̀

Ní ọdún 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn àkókò kan wà nínú oorun tí ẹyinjú máa ń sáré síwá sẹ́yìn lábẹ́ ìpéǹpéjú. Bí wọ́n bá jí ẹni tó wà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, yóò sábà sọ pé òun ń lá àlá. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lóru kan. Ìyẹn ni pé gbogbo wa là ń lá àlá lóru gbogbo, a kàn ń gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀ ni. Èyí tó bá bà wá lẹ́rù ló máa ń jí wa, òun náà là ń rántí. Tí ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún bá wá bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu, a óò máa ròyìn rẹ̀ títí, a kò sì ní ka mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún yòókù.

Àwọn nǹkan kan tún wà nínú ara tó ń mú àlákálàá wá. Ibà wà lára wọn. Oògùn náà wà lára wọn: mefloquine tí wọ́n fi ń dènà ibà, efavirenz tí àwọn tó ní kòkòrò HIV lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti propranolol tí wọ́n ń fún àwọn kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Ẹni tó bá ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, tí àlá rẹ̀ sì yí padà, kí ó má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀. Kí ó lọ sọ fún dókítà. Ní ọdún 2007, Dókítà Aina àti Dókítà Famuyiwa kọ̀wé lórí ohun tí àwa Yorùbá ń pè ní ogun òru, wọ́n sì fi hàn pé àìsàn oorun àti wárápá máa ń wà nínú ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀.

Ó tún yẹ kí á sọ ti àwọn ìyá wa àti àwọn aya wa. Ẹ̀jẹ̀ tí aboyún rí lójú àlá, ẹ̀rù rẹ̀ ló sábà ń sọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó rí lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó jí, ilé ìwòsàn ló gbọ́dọ̀ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kì í ṣe orí òkè àdúrà. Kí á gba àdúrà nínú ọkọ̀ bí a ti ń lọ.

Ẹ̀JẸ̀ TÍ A FI OJÚ RÍ

Irú àlá ẹ̀jẹ̀ kan wà tí ìwé pélébé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, àwa ní Òkè Ọya la sì mọ̀ ọ́n jù. Ní oṣù kejì àti oṣù karùn-ún ọdún 2000, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ó kan Jọ́ọ̀sì. Ó tún padà sí Kàdúná ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, àti ní oṣù kẹrin ọdún 2011 lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ. Àwọn kan wà láàrin wa tó sá wọ bárékè lóru pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àwọn kan rí ohun tí kò yẹ kí ojú rí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ lójú oorun lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kì í ṣe ohun tó ń bọ̀ ni àlá náà ń sọ. Ohun tó ti kọjá ni, tí ọkàn kò tíì rí ibi gbé e sí.

Ẹ wo ìyà tó wà nínú kí ènìyàn gbé irú àlá bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ atúmọ̀, kí wọ́n sì sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ọ̀fà ló ń fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣeré. Ọgbẹ́ kan ló gbé lọ, méjì ló gbé bọ̀.

Ìtọ́jú wà fún un. Ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Barnawa, ní Kàdúná níhìn-ín. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kì í ṣe wèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kú ní ọdún 2004, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró láti ọdún 1954, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé láàrin ìlú pẹ̀lú ẹbí wọn, tó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ó mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í fẹ́ dá nìkan gbé àìsàn rẹ̀. Ọ̀nà kan tí àwọn dókítà tún ń lò báyìí ni pé kí ẹni náà kọ àlá náà sílẹ̀ ní ojú ọ̀sán, kí ó yí ìparí rẹ̀ padà bó ṣe wù ú, kí ó sì máa ro ti tuntun náà lọ́kàn lójoojúmọ́. Ó máa ń dín àlákálàá kù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ rí i pé níhìn-ín náà, ẹni tó lá àlá ni wọ́n fún ní ọ̀rọ̀ sọ.

“KÍ NI MO ṢE?”

A mọ ìdílé kan dáadáa. Aya inú ilé náà lóyún, ó sì lá àlá pé ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ òun, ìyá ọkọ òun sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń sunkún. Wọ́n gbé e lọ sí ibì kan tí a kò ní dárúkọ. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni pé màmá ló ń lépa oyún náà, àti pé omijé rẹ̀, omijé ẹ̀tàn ni. Wọ́n ní kí wọ́n má ṣe gbé ọmọ náà dé ilé, kí wọ́n má sì jẹ ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ màmá wá. Wọ́n bí ọmọ náà láyọ̀, ìyá àti ọmọ jí. Lójú wọn, ìyẹn ni ẹ̀rí pé òtítọ́ ni ìtumọ̀ náà.

Fún ọdún mẹ́fà, wọn kò lọ sílé. Màmá fi gàrí àti èlùbọ́ ránṣẹ́ láti gáréèjì, wọ́n fi tọrọ. Ó fi ìró aṣọ òkè tí wọ́n fi pọn ọkọ fúnra rẹ̀ ránṣẹ́, wọn kò tú u. Ìgbà tí bàbá kú ni wọ́n tó wọ ilé, wọn kò rí bí wọ́n ṣe lè yẹ ìyẹn sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ìsìnkú, màmá pe ọmọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Kò bínú, kò pariwo. Ó kàn bi í pé, “Kí ni mo ṣe?”

Ọkùnrin náà sọ fún wa pé òun kò rí èsì kankan fún un. Kí ló fẹ́ sọ? Ṣé kó sọ pé lójú àlá ni ẹ ti ṣẹ̀ wá ni? Màmá wá sunkún lóòótọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ku ẹni tí yóò wá túmọ̀ ìyẹn.

Bí wọ́n bá ti bi aya yìí léèrè nígbà náà pé, “Kí ló wà lọ́kàn rẹ?”, ì bá sọ ohun tó sọ fún aya wa lẹ́yìn ọdún wọ̀nyẹn: pé oyún àkọ́kọ́ òun ti bàjẹ́ ní oṣù kẹta, pé màmá ló wà lọ́dọ̀ òun lọ́jọ́ náà, tó ń pa aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ dà, tó sì ń sunkún. Gbogbo ohun tó rí lójú àlá ló ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìránnilétí ni, àánú ló sì wà nínú rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN WA

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí omijé lójú àlá, ẹ gbàdúrà bí ẹ̀sìn yín ti kọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè pé kí ni mo rí, kí ni mo gbọ́, kí ni mo ń bẹ̀rù ní ọ̀sẹ̀ yìí? Ẹ wo ara yín: ṣé ibà ni, ṣé oògùn tuntun ni? Bí àlá náà bá kan ẹnì kan nílé, ẹ pè é. Ẹ má sọ fún un pé ẹ rí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ kàn kí i, ẹ bèèrè àlàáfíà rẹ̀. Bí àlá kan náà bá ń padà wá títí, ẹ lọ rí dókítà. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé àlá ti fi ẹbí yín hàn bí ọ̀tá, ẹ bi í pé kí ni ẹ̀rí tó wà ní ojú ọ̀sán. Bí kò bá ní, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ sílé.

Ọ̀nà jìn láti ibí dé ilé, owó ọkọ̀ sì wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí á fi àlá kún un.

Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá kò ní jẹ́ kí á fi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí á sun ẹkún àsunùdákẹ́. Omijé ayọ̀ ni a óò máa nù lójú ara wa. Àlá wa yóò dára, ìtumọ̀ rẹ̀ yóò sì bọ́ sí ọwọ́ ẹni rere. Àṣẹ.